Ìlàjà Nínú Ìjọ àti Òfin Ìlú: Ṣé Iṣẹ́ Amòfin Ni Olùṣọ́ Àgùntàn Ń Ṣe Bí Ó Bá Parí Ìjà?

Olùṣọ́ àgùntàn tó bá ń ṣiṣẹ́ ní Mushin, ní Ìtirẹ́ tàbí ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Ẹ̀kọ́ Bíbélì yóò parí, àwọn ènìyàn yóò máa lọ sílé, ṣùgbọ́n àwọn méjì yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ẹnì kan kò ní wo ojú ẹnì kejì. Ọ̀kan jẹ́ onílé, èkejì jẹ́ ayálégbé rẹ̀. Nígbà mìíràn, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n, ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ní Àgúdà ló dá ìjà sílẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, obìnrin méjì ni wọ́n tí wọ́n jọ ń dá èsúsú lọ́jà Ojúwòyè. Gbólóhùn tí wọn yóò kọ́kọ́ sọ kò yàtọ̀: “Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i.”

Nígbàkigbà tí a bá kọ́ ẹ̀kọ́ lórí ìtọ́jú agbo, ìbéèrè kan kì í ṣaláì jẹyọ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra fún ìfinijoyè iṣẹ́ ìránṣẹ́. Àwọn kan ń bẹ̀rù. Wọ́n ní, bí a bá jókòó ti àwọn ènìyàn, tí a gbọ́ ẹjọ́ wọn, tí a sì kọ àdéhùn sílẹ̀, ṣé a kò ti di lọ́yà láìjẹ́ pé a lọ sí ilé ẹ̀kọ́ òfin? Ṣé ìjọba kò lè mú wa? Àwọn mìíràn kò bẹ̀rù ohunkóhun. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ inú ìjọ ni, òfin ìlú kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Èrò wa ni pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ṣìnà. Ìlàjà kì í ṣe iṣẹ́ amòfin, ẹnikẹ́ni tí àwọn tó ń jà bá fọkàn tán ló lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ní ààlà, ẹni tó bá sì ré ààlà náà kọjá láìmọ̀ lè kó ara rẹ̀, ìjọ rẹ̀ àti àwọn tó fẹ́ ràn lọ́wọ́ sí wàhálà.

Ohun tí ìlàjà jẹ́

Ìlàjà ni kí àwọn tó ń jà fúnra wọn pe ẹni kẹta, tí kò sí lẹ́yìn ẹnì kankan nínú wọn, kí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti rí ojútùú tí àwọn méjèèjì fara mọ́. Ìrànlọ́wọ́ ni gbogbo agbára tí onílàjà ní. Kì í dájọ́. Kì í sọ pé ìwọ lo jàre, ìwọ lo jẹ̀bi, san iye báyìí. Ó lè dá àbá, ó lè bá ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, ó lè bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn tó ni ìjà ni òpin ìjà wà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní òun kò gbà, ìlàjà tán nìyẹn.

Ìwé Mímọ́ fi ìyàtọ̀ yìí hàn wá. Nínú Lúùkù 12:13-14, ọkùnrin kan ké sí Jésù láàárín èrò pé kí ó pàṣẹ fún arákùnrin òun láti pín ogún fún òun. Olúwa kọ̀ láti gba ipò adájọ́ tàbí apíngún lórí ọ̀rọ̀ náà. Dípò bẹ́ẹ̀, ó tọ́ka sí ojúkòkòrò tó wà nídìí ìjà. Bí Olúwa tìkára rẹ̀ kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ipò yẹn, ó yẹ kí ara tiwa náà balẹ̀ kí a tó jókòó sórí àga adájọ́. Nínú 1 Kọ́ríńtì 6, Pọ́ọ̀lù bá ìjọ wí nítorí pé wọ́n ń wọ́ ara wọn lọ síwájú àwọn aláìgbàgbọ́, ó sì bi wọ́n léèrè bóyá kò sí ọlọ́gbọ́n kan láàárín wọn tó lè parí ọ̀rọ̀ ará méjì. Ìwé Mátíù 18:15-17 sì fi ìgbésẹ̀ tó wà níbẹ̀ hàn: àwọn méjèèjì ni yóò kọ́kọ́ rí ara wọn, lẹ́yìn náà kí wọ́n mú ẹnì kan tàbí méjì dání, ìgbẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ tó ń dé iwájú ìjọ. Ọ̀pọ̀ wa máa ń fo ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹnì kan yóò wá rojọ́, àwa náà yóò sì ránṣẹ́ pe ẹnì kejì lójú ẹsẹ̀, bí ìgbà tí kóòtù bá fi ìwé pe ènìyàn.

Àwọn baba wa kò ṣaláì mọ èyí. Wọ́n ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Wọ́n tún ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òwe kejì yìí ló fà á tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wá sí ọ̀dọ̀ wa. Onílé àti ayálégbé tó ń lo báfà kan náà, tí wọ́n sì jọ ń jọ́sìn ní ilé Ọlọ́run kan náà, kò wá ẹni tí yóò borí. Wọ́n ń wá bí wọn yóò ṣe lè kí ara wọn lọ́la.

Ṣé iṣẹ́ amòfin ni?

Òfin tó ń darí iṣẹ́ amòfin ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe ní 1975, sọ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn amòfin nìkan ló ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ amòfin. Abala 22 òfin náà ló ka àwọn ohun tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe amòfin. Àkọ́kọ́ ni kí ó máa ṣiṣẹ́ bí amòfin tàbí kí ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀kan. Èkejì ni kí ó lo orúkọ tàbí oyè tí yóò mú kí àwọn ènìyàn rò pé amòfin ni. Ẹ̀kẹta, tó kan àwa jù lọ, ni kí ó gba owó tàbí kí ó máa retí èrè láti kọ àwọn ìwé kan: ìwé tó jẹ mọ́ ilẹ̀ tàbí ilé, ìwé tí a ó fi gba àṣẹ ìjọba lórí dúkìá òkú, àti ìwé tí a ó gbé lọ sí ilé ẹjọ́.

Ẹ kíyè sí i pé ìlàjà kò sí nínú ohun tí a kà yìí. Ẹni tó jókòó láàárín àwọn méjì, tó ń tẹ́tí sí wọn, tó ń béèrè ohun tó ń dùn wọ́n, kò ṣojú ẹnikẹ́ni, kò gba ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rò, kò sì fún ẹnì kan ní ìmọ̀ràn lòdì sí ẹnì kejì. Iṣẹ́ amòfin ni láti dúró ti oníbàárà rẹ̀. Iṣẹ́ onílàjà ni láti má ṣe dúró ti ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ.

Ní 26 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí Òfin Ìdájọ́-Àdéhùn àti Ìlàjà, tí wọ́n mọ̀ sí Arbitration and Mediation Act. Òfin yìí ló rọ́pò ti 1988. Apá kejì rẹ̀ dá lórí ìlàjà, ó kan ọ̀rọ̀ okòwò, ó sì kan aáwọ̀ láàárín ará ìlú pẹ̀lú. Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tó ti sọ pé onílàjà gbọ́dọ̀ jẹ́ amòfin. Ohun tó sọ ni pé onílàjà kò ní agbára láti fi ojútùú lé àwọn tó ń jà lórí, pé ó gbọ́dọ̀ hùwà òdodo sí àwọn méjèèjì, àti pé ó gbọ́dọ̀ sọ ohunkóhun tó lè mú kí wọ́n fura sí i pé ó ń ṣe ojúsàájú. Èyí jẹ́ ìbéèrè fún ẹ̀rí ọkàn wa. Bí onílé bá jẹ́ alàgbà tó ń dá owó ńlá sí àpò ìkọ́lé ìjọ, tí ayálégbé sì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ Márúwá jẹun, ǹjẹ́ a ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà kí a tó bẹ̀rẹ̀?

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ti ja ìjà ìbéèrè yìí. Ní 2002, ẹ̀ka tó ń mójú tó ìparí aáwọ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn amòfin Amẹ́ríkà fi ìpinnu kan síta pé ìlàjà kì í ṣe iṣẹ́ amòfin. Ṣùgbọ́n wọ́n tún kìlọ̀ fún onílàjà pé kí ó ṣọ́ra bó bá kan kíkọ ìwé àdéhùn: kí ó kọ ohun tí àwọn tó ń jà fẹnu ara wọn sọ, kí ó má ṣe fi ọ̀rọ̀ òfin tirẹ̀ kún un. Kò jìnnà sí ohun tí abala 22 ń sọ nílé wa níbí.

Ta ló ń mójú tó iṣẹ́ náà?

Kò sí ìwé àṣẹ kan ṣoṣo tí gbogbo onílàjà ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó ṣiṣẹ́, bí amòfin tàbí dókítà ṣe ní. Ibi tí ìlàjà ti ń wáyé ló ń pinnu ìlànà tí onílàjà yóò tẹ̀lé. Ní Èkó, ibi méjì ni ó yẹ kí gbogbo olùṣọ́ àgùntàn mọ̀.

Èkíní ni Citizens’ Mediation Centre, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 1999 lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́, tí wọ́n sì ṣe òfin fún ní 2004. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé, gbèsè, owó iṣẹ́ tí ọ̀gá kò san, àti aáwọ̀ ìdílé ni wọ́n máa ń parí jù lọ. Èkejì ni Lagos Multi-Door Courthouse, ilé ẹjọ́ onílẹ̀kùn púpọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2002. Kẹ́hìndé Àìná, amòfin kan, ló ṣáájú àwọn tó bá Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó dá a sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n Frank Sander ti Yunifásítì Harvard ni èrò náà ti wá. Ní 1976 ló dá a lábàá pé kí ilé ẹjọ́ ní ju ilẹ̀kùn kan lọ, kí ẹni tó bá dé rí ilẹ̀kùn tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Ní Èkó, ìlàjà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn náà. Wọ́n ṣe òfin tirẹ̀ ní 2007. Lábẹ́ òfin yẹn, àdéhùn tí àwọn méjèèjì bá fọwọ́ sí níbẹ̀ di májẹ̀mú láàárín wọn, bí adájọ́ tí a yàn bá sì fi òǹtẹ̀ lù ú, a lè mú un ṣẹ bí ìdájọ́ kóòtù.

Inú àwọn tó ń ka ìwé wa yóò dùn láti rántí pé ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ni kọmíṣọ́nnà fún ètò ìdájọ́ ní Èkó láti 1999 sí 2007, nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin náà di olùṣọ́ àgùntàn nínú Ìjọ Ìràpadà, lẹ́yìn náà ó di igbákejì ààrẹ.

Ní àfikún sí ìwọ̀nyí, àwọn ẹgbẹ́ kan wà tó ń kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ ìlàjà tí wọ́n sì ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, bí Institute of Chartered Mediators and Conciliators. Wọ́n ń gba amòfin, wọ́n sì ń gba ẹni tí kì í ṣe amòfin. Ìlànà ẹgbẹ́ wọn ló ń de àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Bí onílàjà bá sì jẹ́ amòfin, ìlànà ìwà tó de àwọn amòfin kò bọ́ lọ́rùn rẹ̀ nítorí pé ó ń là ní ọjọ́ náà. Ìlànà ti 2007 tilẹ̀ pa á láṣẹ fún amòfin pé kó sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà láti parí ọ̀rọ̀, kí ó tó gbé e lọ sí kóòtù. Láti 2012 pẹ̀lú ni ìlànà Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó ti ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ pe ẹjọ́ pé kó fi hàn pé òun ti gbìyànjú láti parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. Kóòtù fúnra rẹ̀ ló ń dá àwọn ènìyàn padà sọ́dọ̀ onílàjà.

Ààlà mẹ́rin tí a kò gbọdọ̀ ré kọjá

Ààlà kìíní ni ìwé. A lè kọ ohun tí àwọn méjèèjì fẹnu kò sí ní èdè tó yé wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti dé orí títa ilẹ̀, pípín ilé, ìwé ìháyà ilé, tàbí àṣẹ lórí dúkìá òkú, ẹ jẹ́ ká ní kí wọ́n lọ bá amòfin. A kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ kan láti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí wọ́n pè é: ọrẹ, owó epo mọ́tò, tàbí ẹ̀bùn ìmọrírì. Òfin kò sọ pé owó orí tábìlì nìkan ni èrè. Ó ní ẹni tó ń retí èrè pẹ̀lú.

Ààlà kejì ni ìmọ̀ràn. Kò sí ohun tó burú nínú kí a sọ fún ènìyàn pé òfin kan wà, kí a sì fi ibi tí yóò ti rí i kà hàn án. Ohun tó léwu ni kí a sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé, “Bí o bá lọ sí kóòtù, wàá borí.” Ní ọjọ́ tí a bá sọ bẹ́ẹ̀, a kì í ṣe onílàjà mọ́, a ti di agbẹjọ́rò ẹnì kan, a kò sì kọ́ iṣẹ́ náà.

Ààlà kẹta ni ìdájọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ alàgbà ni kì í là, tí wọ́n ń dájọ́, tí wọ́n sì ń pè é ní ìlàjà. Kí wọ́n mọ̀ pé ìlú lè gba ìdájọ́ wọn gbọ́. Nínú ẹjọ́ Agu àti Ikewibe ní 1991, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà sọ pé ìdájọ́ tí àwọn àgbà ṣe lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀ lè de àwọn tó fi ìfẹ́ inú ara wọn gbé ọ̀rọ̀ wá, bí wọ́n bá gbà tẹ́lẹ̀ pé àwọn yóò tẹ̀lé e, tí wọ́n sì fara mọ́ ọn nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Ìbílẹ̀ ni ẹjọ́ yẹn dá lé, kì í ṣe ìjọ. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ọ̀rọ̀ tí a sọ ní yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ lè tẹ̀lé ènìyàn dé iwájú adájọ́. Nítorí náà, kí ó hàn sí gbogbo ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ bóyá à ń là ni, àbí à ń dájọ́. Kí a má sì ṣe fi ègún, ìdálẹ́kun oúnjẹ alẹ́ Olúwa tàbí ìbẹ̀rù wòlíì fipá mú ẹnikẹ́ni fọwọ́ síwèé. Àdéhùn tí a fipá gbà kì í ṣe àdéhùn.

Ààlà kẹrin ni ìwà ọ̀daràn, òun ló sì wúwo jù. A kì í la ìfipábánilòpọ̀. A kì í la ìlòkulò ọmọdé. Ọkọ tó ń na aya rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ní aáwọ̀ pẹ̀lú aya rẹ̀, ẹni tó ń ṣe é léṣe ni. Ìlàjà gba pé àwọn méjèèjì lè sọ ohun tó wà nínú wọn láìbẹ̀rù, obìnrin tó mọ̀ pé ìyà ń dúró de òun nílé kò sì lè sọ ọ́. Èkó ti ní òfin ìdáàbòbò kúrò lọ́wọ́ ìwà ipá inú ilé láti 2007, ní 2021 sì ni òfin dá àjọ Domestic and Sexual Violence Agency sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ibẹ̀ tàbí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni ó yẹ kí a mú ẹni tí wọ́n ṣe léṣe lọ, kí a sì bá a rìn dé ibẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn pẹ̀lú kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn gba owó tàbí àǹfààní láti bo ìwà ọ̀daràn ńlá mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ará, orúkọ ìjọ tí a ń fi irú èyí bò mọ́lẹ̀ nítorí rẹ̀ kì í ṣe orúkọ Jésù. Ìdáríjì jẹ́ ti ọkàn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, kì í ṣe aṣọ tí àwa yóò fi bo ẹlẹ́ṣẹ̀ lójú òfin.

Àpẹẹrẹ kan

Ká sọ pé onílé kan ní Ìtirẹ́ fẹ́ kí ayálégbé rẹ̀, tó ń san owó ilé lọ́dọọdún, kó jáde ní oṣù tó ń bọ̀, nítorí pé ọmọ òun ń bọ̀ láti òkè òkun. Ayálégbé ní òun kò ní ibi tí òun ń lọ. Àwọn méjèèjì wá bá wa.

Òfin ìháyà ilé ti Èkó, ti 2011, kan Surulere, Yaba àti Mushin. Ó ní bí kò bá sí àdéhùn mìíràn láàárín wọn, oṣù mẹ́fà ni kí onílé fi sọ fún ayálégbé ọlọ́dọọdún kó tó lé e. Òfin kan náà gba kóòtù níyànjú láti mú ìlàjà ṣáájú nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Bí àwa bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin yìí sí onílé létí láti fi dá ayálégbé láre, a ti di lọ́yà ayálégbé. Bí a bá sì dákẹ́ tí ayálégbé fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nítorí pé kò mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀, a ti ran ẹni tó lágbára lọ́wọ́ láti tẹ aláìní mọ́lẹ̀. Kí ni ṣíṣe?

A ó sọ fún àwọn méjèèjì, lójú ara wọn, pé òfin kan wà tó kan ọ̀rọ̀ yìí, kí olúkúlùkù lọ béèrè lọ́wọ́ amòfin tàbí ní Citizens’ Mediation Centre, níbi tí wọn kò ti ní san owó, kí wọ́n tó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tiwa yóò tó bẹ̀rẹ̀. A ó béèrè lọ́wọ́ onílé ọjọ́ tí ọmọ náà ń bọ̀ gan-an. A ó béèrè lọ́wọ́ ayálégbé ohun tó ń dí i lọ́wọ́ láti wá ilé: ṣé owó ni, àbí ìdánwò ọmọ? Ó lè jẹ́ pé oṣù mẹ́rin yóò tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn bí onílé bá dá owó tó kù padà láti fi gba ilé mìíràn. Kóòtù lè má ronú kan irú ojútùú yìí, nítorí pé ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń gbọ́.

Ọ̀rọ̀ àṣírí

Àwọn ènìyàn ń tú ọkàn wọn síwájú wa nítorí wọ́n gbà pé kò ní jáde. Ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí òfin dúró. Òfin ẹ̀rí ti 2011 dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó wà láàárín amòfin àti oníbàárà rẹ̀, kò sì dárúkọ olùṣọ́ àgùntàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ààbò mìíràn wà. Abala 196 òfin náà ní ìwé tí a bá kọ ọ́ sí lára pé kò gbọdọ̀ pa ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni lára, tí a kọ nígbà tí à ń wá ọ̀nà láti parí aáwọ̀, kò ṣeé fi ṣe ẹ̀rí nínú ẹjọ́ ará ìlú. Òfin 2023 náà fi àṣírí bo ohun tí a sọ nínú ìlàjà. Nítorí náà, kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé kékeré kan pé ìlàjà ni à ń ṣe lábẹ́ òfin yẹn, àti pé ọ̀rọ̀ tí a bá sọ kò ní jáde.

Ní ti ìgbéyàwó kóòtù, òfin ìtúká ìgbéyàwó ti 1970 fún adájọ́ láyè láti yan ẹni tó ní ìrírí tàbí ẹ̀kọ́ nínú ìlàjà tọkọtaya, kó bá wọn sọ̀rọ̀ bí àwọn méjèèjì bá gbà. Ohun tí wọ́n bá sọ níwájú rẹ̀ kò ṣeé fi ṣe ẹ̀rí. Adájọ́ lè yan olùṣọ́ àgùntàn tó kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ànfààní náà bá wa lójú oorun.

Bí a ṣe lè ṣe é

Kí a tó jókòó, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé àwọn méjèèjì fínnúfíndọ̀ wá? Ṣé ọwọ́ wa mọ́ láàárín wọn? Ṣé ìwà ọ̀daràn kò sí nínú rẹ̀? Bí ìdáhùn ọ̀kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí a fi ọ̀nà ibòmíràn hàn wọ́n. Fún gbèsè owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, Èkó ti ní kóòtù ẹjọ́ kékeré láti 2018. Kì í ṣe ìkùnà ìgbàgbọ́ láti darí ènìyàn síbẹ̀ bí ìlàjà bá já sí òfo.

Bí a bá jókòó, kí olúkúlùkù sọ tirẹ̀ tán láìjẹ́ pé ẹnì kejì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí a gbàdúrà, ṣùgbọ́n kí a má fi àdúrà sọ òkò ọ̀rọ̀ sí ẹnì kankan. Bí wọ́n bá fẹnu kò, kí a kọ ọ́ ní Yorùbá tàbí èdè tó yé wọn jù: ẹni tí yóò ṣe kí ni, ọjọ́ wo, iye wo. Kí a kà á sí etí wọn. Kí a fún wọn láyè láti gbé e lọ fún amòfin wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n bá fẹ́ kó lágbára bí ìdájọ́, ilé ẹjọ́ onílẹ̀kùn púpọ̀ lè fi wọ́n mọ̀nà. Bó ti wù kó rí, òfin 2023 ti sọ pé àdéhùn ìlàjà de àwọn tó ṣe é.

Àsọkágbá

1 Tímótì 2:5 sọ fún wa pé Alárinà kan ṣoṣo ló wà láàárín Ọlọ́run àti ènìyàn. Ohun tó mú Un tọ́ sí iṣẹ́ náà ni pé ti ìhà méjèèjì ni, kò sì gba owó lọ́wọ́ ìhà kankan. Ẹ̀mí ara Rẹ̀ ló fi san án. Iṣẹ́ kékeré tiwa ní Mushin àti Yaba kò tó ohun tí à ń fi wé tirẹ̀, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ ibẹ̀ ni. Kí a sún mọ́ àwọn méjèèjì, kí a má ta ara wa fún ẹnì kan, kí a sì mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára wa. Ẹni tó mọ ààlà iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń fọkàn tán pẹ̀lú iṣẹ́ tó kù. Kí Olúwa fi wá ṣe àwọn tó ń wá àlàáfíà ní tòótọ́, kí ọwọ́ wa sì mọ́ nínú rẹ̀. Àmín.